Ẹja Ọ̀ṣọ́ àti Májèlé: Ìtàn Cyanure Nínú Òkun Filipínì

Ẹja tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ nínú àròkọ yìí kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń dín in, kò sì sí ẹni tí ń yan án. Ẹja ọ̀ṣọ́ ni: ẹja kékeré aláràbarà tí a ń fi sínú àpótí dígí olómi, èyí tí èdè Faransé ń pè ní aquarium, kí ojú lè máa wò ó, kí ọkàn sì balẹ̀. Ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ilé, nínú ilé oúnjẹ, àti níbi tí àwọn aláìsàn ti ń jókòó de dókítà. Ẹni tí ń wò ó kì í sábà béèrè bí ẹja náà ṣe dé ibẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn. Ìtàn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni. Májèlé wà nínú rẹ̀, òfin wà nínú rẹ̀, ẹjọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì mọ sí etí òkun tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Oríṣi ẹja ọ̀ṣọ́ méjì ni ó wà. Èkínní ni ẹja omi dídùn. Èyí tí ó ju ìdá 90 nínú 100 lára wọn ni a ń sìn bí a ti ń sin adìẹ. Èkejì ni ẹja omi iyọ̀. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn wọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kò sìn. Inú òkun ni a ti ń lọ mú wọn láàyè. Ní ọdún 2003, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń mójú tó àyíká gbé ìròyìn jáde lórí òwò yìí. Ó fojú bù ú pé ẹja omi iyọ̀ tí a ń tà lọ́dọọdún fún ọ̀ṣọ́ wà láàárín mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 24, pé oríṣi wọn jẹ́ 1,471, àti pé iye owó gbogbo òwò náà, pẹ̀lú iyùn àti àwọn ẹ̀dá òkun mìíràn, wà láàárín mílíọ̀nù 200 sí mílíọ̀nù 330 dọ́là lọ́dún. Filipínì àti Indonéṣíà wà lára àwọn tí ń kó wọn ránṣẹ́ jùlọ. Amẹ́ríkà ni ó ń rà wọ́n jùlọ.

Filipínì, orílẹ̀-èdè tí erékùṣù rẹ̀ lé ní 7,000, ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Iyùn tí ó wà láàyè

Láàárín wa, bí a bá dárúkọ iyùn, ọrùn ọba àti ọwọ́ ìjòyè ni ọkàn máa ń lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kí iyùn tó di ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀dá abẹ̀mí ni nínú òkun. Iyùn pupa tí àwọn ọba wa ń wọ̀ ní àwọn ìbátan nínú àwọn òkun olóoru, tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ ilé kíkọ́. Ẹranko tíntìntín ni wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì ń gbé pọ̀ ní ojú kan. Wọ́n ń sun ohun líle funfun yí ìdí ara wọn ká. Bí ìran kan ti ń kú ni òmíràn ń kọ́lé lé e lórí, títí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún yóò fi sọ ọ́ di àpáta ńlá lábẹ́ omi. Inú ẹran ara wọn ni àwọn ohun ọ̀gbìn kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn wọ̀nyí ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọ́n ń fi pèsè oúnjẹ, wọ́n sì ń fún iyùn nínú rẹ̀. Àwọ̀ tí a ń rí lára iyùn, lọ́wọ́ wọn ni ó ti ń wá púpọ̀. Bí wọ́n bá kúrò, iyùn á funfun bí egungun. Bí wọn kò bá sì tètè padà, á kú.

Àpáta iyùn ni ilé fún ẹja, òun ni ọjà wọn, òun sì ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ. Ihò àti pàlàpálá pọ̀ lára rẹ̀. Bí ẹja kékeré bá rí òjìji ènìyàn lókè, kíá ni yóò ti wọ inú ihò lọ. Ìdí nìyẹn tí mímú wọn fi ṣòro. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹja ọbẹ̀ lè ju àwọ̀n, ó lè fi ìwọ̀ dẹ ẹ́, ó sì lè gún un lọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ jáde láàyè, láìsí ọgbẹ́, láìsí ìpẹ́ tí ó ṣí, nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan ni a ń rà.

Májèlé tí àwọn ìyá wa ti mọ̀

Orúkọ cyanure lè ṣàjèjì sí etí, ṣùgbọ́n ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilé wa. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí àti láfún ní ohun kan nínú tí í máa tú májèlé yìí jáde nígbà tí a bá gé e tàbí tí a bá rin ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń kó o sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, kí wọ́n tó yan án lórí iná. Kí ìwé tó dé ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń lé e jáde.

Ní ọdún 1782, Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Sweden, rí ásíìdì rẹ̀ yọ sọ́tọ̀. Ní 1887, ní Glasgow, John Stewart MacArthur àti àwọn Forrest, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a ń gbà fi cyanure yọ wúrà kúrò lára òkúta. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí àwọn awawúrà àti àwọn tí ń fi wúrà tàbí fàdákà bo irin ń rà láìsí ìdíwọ́ púpọ̀.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara rọrùn láti ṣàlàyé. A ń mí afẹ́fẹ́ sínú, ẹ̀jẹ̀ ń gbé ọ́síjìn inú rẹ̀ káàkiri, sẹ́ẹ̀lì ara sì ń lò ó láti ní agbára. Cyanure ń dí ojú ọ̀nà ìkẹyìn yìí. Ọ́síjìn á dé ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò ní lè lò ó. Bí májèlé náà bá kéré, ẹ̀dá á dákú, ó sì lè jí. Bí ó bá pọ̀, á kú. Àárín dídákú àti kíkú yẹn, tí kò fẹ̀ rárá, ni àwọn kan gbé òwò wọn kà.

Bí ó ti wọ inú òkun

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú di púpọ̀, àpò ọ̀rá sì dé. A lè fi omi òkun díẹ̀ àti ọ́síjìn sínú àpò ọ̀rá, kí a fi ẹja kan sí i, kí a so ó, kí ó sì dé ìhà kejì ayé kí ó tó kú. Bí ọjà ẹja òkun aláràbarà ṣe ṣí fún Filipínì nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, bí àwọn olówò ti ń béèrè ẹja sí i, cyanure bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn òmùwẹ̀ tí ń mú un.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò tíì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Òmùwẹ̀ á fọ́ hóró cyanure sódìíọ̀mù kan tàbí méjì sínú ìgò rọ́bà tí omi òkun wà nínú rẹ̀. Á rì sísàlẹ̀, á wá ihò tí ẹja sá sí, á sì fún omi ìgò náà sínú rẹ̀. Omi á funfun bí omi ọ̀gì. Láìpẹ́, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Òmíràn á jáde fúnra rẹ̀, òmíràn á dákú sínú ihò. Nígbà náà ni òmùwẹ̀ á fi ọ̀pá irin fọ́ iyùn kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Ohun tí ó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láti kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi wó o, nítorí ẹja kan ṣoṣo.

Ibi tí ó ń ṣe kò mọ níbẹ̀. Omi májèlé náà kì í dúró sójú kan. Ó ń kọjá lára iyùn, lára ọmọ ẹja, lára edé àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n. Ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìparí àwọn ọdún 1990 fi hàn pé cyanure ń dí àwọn ohun ọ̀gbìn inú iyùn lọ́wọ́ láti lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí iyùn yóò sì lé wọn jáde, tí yóò di funfun. Àwọn olùṣèwádìí fojú bù ú pé cyanure tí wọ́n ti tú sí àpáta iyùn Filipínì láti àwọn ọdún 1960 lé ní mílíọ̀nù kan kílógráàmù.

Ẹja tí ó sì jí kò tíì bọ́. Ara rẹ̀ ti gba ọgbẹ́ tí ojú kò rí. A ó gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, nínú ebi, nínú àpò híhá, títí dé ilé ìtajà ní ìlú òkèèrè. Púpọ̀ ni ó ń kú lójú ọ̀nà. Òmíràn ń kú nínú àpótí dígí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Olùrà á rò pé òun kò mọ ẹja tọ́jú. Á tún lọ ra òmíràn. Báyìí ni ikú ẹja fi ń bí ìbéèrè fún ẹja.

Ta ni ó jẹ̀bi?

Ó rọrùn láti dá òmùwẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ipò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò ro. Ọ̀pọ̀ ń mí láti inú rọ́bà gbọọrọ tí a so mọ́ ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe táyà ń lò, tí a gbé sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù nísàlẹ̀, tí ó sì yára jù gòkè, afẹ́fẹ́ á hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn kan sì kú. Alágbàtà ni ó ń yá wọn lówó epo ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, òun náà ni ó sì sábà máa ń pèsè cyanure. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò lè yan ẹni tí yóò ta ẹja fún, kò sì lè dá iye tí yóò tà á. Iye ẹja ni a ń ka láti san owó fún un. Kò sí ẹni tí ń bi í bí ẹja náà yóò ti pẹ́ láyé tó.

Bẹ́ẹ̀ ni owó wà nínú òwò náà. Ìròyìn ọdún 2003 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi àpẹẹrẹ erékùṣù Maldives hàn: ní ọdún 2000, kílógráàmù kan ẹja ọ̀ṣọ́ láti ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 dọ́là, nígbà tí kílógráàmù kan ẹja jíjẹ kò ju 6 dọ́là lọ. Nítorí náà, etí òkun tí ó bá tọ́jú àpáta iyùn rẹ̀ lè fi ẹja díẹ̀ jẹun pẹ́. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára. Ọ̀ràn náà ni pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ omi kọ́ ni ó ń jẹ èrè ẹ̀sọ̀. Ohun tí ó bá mú lónìí ni yóò jẹ lónìí.

Òfin, àwọ̀n àti àyẹ̀wò

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní ọdún 1975, nígbà ìjọba Ferdinand Marcos, Filipínì gbé Òfin Ààrẹ 704 jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹja pípa. Ó fòfin de ohun abúgbàù, ó sì fòfin de májèlé. Síbẹ̀, lẹ́yìn òfin náà ni cyanure tún gbilẹ̀ sí i. Ó kúrò lórí ẹja ọ̀ṣọ́ nìkan, ó dé orí àwọn ẹja ńlá tí àwọn ilé oúnjẹ Hong Kong ń fẹ́ láàyè fún àwọn àlejò wọn, ó sì kọjá sí Indonéṣíà.

Kí ni ó fà á? Òkun fẹ̀, ọkọ̀ àwọn agbófinró kò sì pọ̀. Ẹni tí a bá ká cyanure mọ́ lọ́wọ́ lè sọ pé awawúrà ni òun fẹ́ tà á fún. Ẹni tí ó bá rí ọlọ́pàá lókèèrè á da ìgò rẹ̀ sómi, ẹ̀rí á sì di omi. Nínú ara ẹja pàápàá, májèlé náà kì í pẹ́: ara ẹja ń yí i padà sí ohun mìíràn, ó sì ń tọ̀ ọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹja bá fi dé Paris tàbí New York, kò rọrùn mọ́ láti mọ ọ̀nà tí a gbà mú un.

Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn ẹgbẹ́ bíi Haribon àti International Marinelife Alliance gbé ìgbésẹ̀ mìíràn: wọ́n kọ́ àwọn òmùwẹ̀ ní lílo àwọ̀n. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni a ó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn. A ó rọra darí ẹja sí i, a ó sì fi àwọ̀n kékeré ọlọ́wọ́ bù ú. Ó gba sùúrù, ó gba kí ènìyàn mọ ìwà ẹja kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí ojú rẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu kò wọ́pọ̀ ní ọjà wọn, alágbàtà kò sì san ju iye tí ó ń san fún ẹja májèlé. Àwọn kan padà sídìí ìgò rọ́bà.

Ìgbésẹ̀ kejì ni àyẹ̀wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja àti International Marinelife Alliance dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní àwọn ìlú kan, níbi tí a ti ń yẹ ẹran ara ẹja wò fún cyanure. Láàárín 1993 sí 2001, ẹja tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 48,000. Nínú àwọn ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ní 1996, ìdá 43 nínú 100 ni cyanure wà lára rẹ̀. Ní 1999, ó ti lọ sílẹ̀ dé ìdá 8. Ní 2000, ó tún gòkè dé ìdá 29. Lẹ́yìn 2001, iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà nínú àwọn yàrá wọ̀nyí parí. Àwọn iye mẹ́ta yìí kọ́ wa pé ìṣọ́ lè dín ìwà náà kù gidigidi ní ọdún díẹ̀. Wọ́n sì kọ́ wa pé kò gba ju ọdún kan lọ kí ó tó padà.

Ní 1998, ìgbìmọ̀ kan tí ń jẹ́ Marine Aquarium Council dìde láti máa fún ẹja tí a mú dáadáa ní ìwé ẹ̀rí, kí olùrà lè mọ èyí tí yóò yàn. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò pẹ́ láyé.

Ẹjọ́ Palawan

Ibi tí ìtàn yìí ti kanlẹ̀ jù ni erékùṣù Palawan, ní ìwọ̀-oòrùn Filipínì, tí àpáta iyùn rẹ̀ wà lára èyí tí ó dára jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 1991, òfin tuntun lórí ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn ìlú etí òkun ní agbára lórí omi tí ó wà níwájú wọn, títí dé kìlómítà 15. Kò pẹ́ tí Palawan fi lo agbára náà. Ní oṣù Kejìlá 1992, ìgbìmọ̀ ìlú Puerto Princesa, lábẹ́ olórí ìlú Edward Hagedorn, ṣe òfin pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 1993 títí di ọjọ́ kìíní ọdún 1998, kò sí ẹni tí yóò kó ẹja ààyè tàbí edé ńlá ààyè jáde kúrò ní ìlú náà, àyàfi oríṣi mélòó kan. Ní oṣù Kejì 1993, ìgbìmọ̀ gbogbo agbègbè Palawan ṣe tirẹ̀: fún ọdún márùn-ún, wọn kò gbọdọ̀ mú, rà, tà, tàbí kó àwọn oríṣi ẹ̀dá àpáta iyùn kan tí wọ́n dárúkọ ránṣẹ́ láàyè. Ẹja ọ̀ṣọ́ wà lára wọn.

Àwọn apẹja kan àti ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹja ránṣẹ́ pe ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, a sì mọ̀ ọ́n títí di òní sí Tano ta ko Socrates. Salvador Socrates ni gómìnà Palawan nígbà náà. Ohun tí àwọn olùpẹ̀jọ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè náà dáàbò bo ẹ̀tọ́ apẹja kékeré láti jẹ nínú omi. Wọ́n ní òfin tuntun yìí gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí kò lo májèlé rí. Wọ́n béèrè pé, bí ẹnì kan bá fi ìwọ̀ tàbí àwọ̀n mú ẹja rẹ̀ láàyè, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ilé ẹjọ́ dájọ́. Ó ní àwọn òfin náà dúró. Ó ní ẹ̀tọ́ apẹja kékeré wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí kò ní ààlà. Ìwé Òfin kan náà pa á láṣẹ fún ìjọba pé kí ó dáàbò bo ọrọ̀ inú òkun, ó sì fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó wà ní ìlera. Ó rí i pé ète àwọn òfin náà ni láti fún àpáta iyùn ní ìsinmi ọdún márùn-ún, kí a sì gbà á lọ́wọ́ cyanure. Ó tún ṣàkíyèsí pé àwọn oníṣòwò wà lára àwọn tí ń fi orúkọ apẹja kékeré bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe gbogbo adájọ́ ni ó fara mọ́ ọn. Adájọ́ Bellosillo kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, pé òfin tí ó ká gbogbo ẹja ààyè mọ́, láì wo ọ̀nà tí a gbà mú un, ti gbòòrò jù.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni òtítọ́ wà. Òfin náà le fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rí ti ń yòrò sínú omi, tí a kò lè fi ojú lásán ya ẹja àwọ̀n kúrò lára ẹja májèlé, àwọn ará Palawan rí i pé ìsinmi fún gbogbo ènìyàn ni ó kù. Ó yẹ kí a sì rántí pé ìlú ni ó ṣe òfin náà, kì í ṣe olú-ìlú tí ó wà lókèèrè. Ẹni tí omi wà níwájú ilé rẹ̀ ni ó sọ pé ó tó.

Ọdún márùn-ún pé, ìsinmi parí, òwò ẹja ààyè sì padà sí Palawan. Cyanure kò parẹ́ ní Filipínì. Ní 1998, òfin orílẹ̀-èdè tuntun, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8550, rọ́pò ti 1975; ní 2015, òfin 10654 tún mú ìjìyà rẹ̀ le sí i. Àwọn àpáta iyùn kan yè. Àwọn mìíràn di òkìtì egungun.

Les, abúlé kan ní Bali

Kí a má bàa rò pé ìtàn yìí kò ní ìpàdé rere, ẹ jẹ́ kí a yà ní Indonéṣíà, ní abúlé Les, ní àríwá erékùṣù Bali. Ní àwọn ọdún 1980, cyanure dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ibẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ owó wọlé. Lẹ́yìn náà iyùn kú, ẹja sì sá. Àwọn apẹja ní láti máa lọ sí ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó rí ohun mú. Ní nǹkan bí ọdún 2000, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ará ilẹ̀ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọ̀n, wọ́n fi ẹnu kò láti pa cyanure tì, wọ́n sì ń sọ́ omi wọn fúnra wọn. Wọ́n gbé òpó àti ohun tí ó dà bí ilé sísàlẹ̀ òkun kí iyùn lè rí ibi lẹ̀ mọ́. Ẹja padà. Títí di àkókò wa yìí, ẹja ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣì ń tà, ṣùgbọ́n àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú un.

Kí ni ó ṣe Les lóore tí òfin 1975 kò lè ṣe fún Filipínì? Ohun mẹ́ta pàdé níbẹ̀: àwọn olómi fúnra wọn ni ó ṣe òfin, ohun èlò tí ó rọ́pò májèlé wà ní ọwọ́ wọn, olùrà tí ó fẹ́ ẹja àwọ̀n sì wà. Ní Filipínì, òfin wà láìsí àwọ̀n. Nígbà tí àwọ̀n dé, kò sí olùrà tí yóò san owó rẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, a kò jẹ́ kí ó pẹ́.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹnì kan lè wí pé Filipínì jìnnà sí Àjàṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fífi májèlé mú ẹja kì í ṣe ohun àjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ ewé àti èso igi kan tí a ń gún, tí a ń dà sínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹja lè dákú sójú omi. Oró ewé máa ń tán láìpẹ́, àwọn ìlú mìíràn sì ní ọjọ́ tí wọ́n yàn fún un, kì í ṣe ojoojúmọ́. Nígbà tí oògùn apakòkòrò igi kòkó dé, pàápàá èyí tí a mọ̀ sí Gamalin 20, àwọn kan ní Nàìjíríà àti ní Gánà sọ ọ́ di oògùn ẹja. Ẹja tí a fi irú rẹ̀ pa, ọbẹ̀ ni ó ń lọ. Ẹni tí ó ra ẹja ọ̀ṣọ́ olóró ń wò ó ni; àwa ń jẹ ẹ́.

Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn apẹja ọ̀sà wa mọ òwe yìí nínú iṣẹ́. Nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ní adágún Nokoué, wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi, èyí tí a ń pè ní akaja, kí ẹja lè rí ibi gbé, kí ó sì pọ̀ níbẹ̀ kí a tó kó o. Ìjà àti àríyànjiyàn ti wà lórí akaja, a kò sì sọ pé kò ní àléébù. Igi tí a ń gé fún un kò kéré. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹja lọ́la, kí ó kọ́lé fún un lónìí. Ọgbọ́n yẹn ni àwọn ará Les padà wá rí nígbà tí wọ́n gbé òpó sísàlẹ̀ òkun.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe bóyá òfin wà nílẹ̀ wa. Ẹ béèrè ta ni ó ń ṣọ́ omi. Ẹ béèrè ohun tí apẹja yóò fi mú ẹja bí a bá gba májèlé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì dé ọjà, ẹ bi ẹlẹ́ja bí a ti ṣe mú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Fún ọgọ́ta ọdún, ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àwọn tí ń ra ẹja ọ̀ṣọ́ kò béèrè.